Àwọ̀n Tí Wọ́n Gé Lára Bọ́ọ̀lù Dígí

Wọ́n ní kí Bàbá Jọlá má bínú. Gbogbo ayé ló ń sọ ọ́ láti ọjọ́ Sọ́ńdè: ẹ má bínú, sà, ẹ fi ṣe sùúrù, sà, bọ́ọ̀lù dígí lásán mà ni, sà. Lásán! Ẹni tó bá gbọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ “lásán” yẹn á rò pé bọ́ọ̀lù tí àwọn ọmọdé ń gbá kiri ni ọkùnrin náà ń tìtorí rẹ̀ fajú ro. Ẹ jẹ́ ká tú ọ̀rọ̀ náà láti ìdí, kí ẹni tó bá fẹ́ dá a lẹ́bi lè kọ́kọ́ mọ ohun tó ń dá a lẹ́bi lé lórí.

Ọláolú lorúkọ rẹ̀, ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́ta. Iṣẹ́ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló ń ṣe ní ilé ìwòsàn kékeré kan ní Farmers Branch, lẹ́bàá Dallas ní Amẹ́ríkà. Forney ló ń gbé, nínú ọ̀kan lára àwọn ilé tuntun tó jọra bí ìbejì, tó jẹ́ pé àlejò ní láti ka nọ́ńbà ara ògiri kó tó mọ ilẹ̀kùn tí yóò kàn. Òun àti ìyàwó rẹ̀ Oyèrónkẹ́, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ló jọ ń gbébẹ̀, pẹ̀lú ọmọ wọn kan ṣoṣo, Jọlá, tó wà ní yunifásítì, tó máa ń gbọ́ Yorùbá tó sì máa ń fi Òyìnbó dáhùn. Ọmọ Ìlàjẹ ni Ọláolú. Etíkun ni wọ́n bí i sí, apẹja sì ni baba rẹ̀. Bó ṣe wá jẹ́ pé Dallas ló fìdí kalẹ̀ sí, níbi tó jẹ́ pé ẹni tó bá fẹ́ rí òkun á wa mọ́tò fún wákàtí márùn-ún lórí freeway, iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ ló fà á. Kò sì pẹ́ tó débẹ̀ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa bọ́ọ̀lù dígí àwọn apẹja jọ.

Láyé àtijọ́, kí rọ́bà tó gbòde, bọ́ọ̀lù dígí tó ṣófo nínú ni àwọn apẹja ilẹ̀ Norway àti ti Japan máa ń so mọ́ àwọ̀n wọn kó má baà rì. Èyí tó bá já nínú wọn, òkun á máa gbé e kiri, ó lè gbé e fún ogójì ọdún kó tó jù ú sí etí ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò rò. Àwọn kan wà ní Amẹ́ríkà tí wọn kì í ṣe nǹkan mìíràn ju kí wọ́n máa wá a. Nígbà tí àwọn oníṣòwò sì rí i bẹ́ẹ̀, kíá ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ayédèrú rẹ̀ fún ọ̀ṣọ́ ilé. Ojúlówó nípọn, ó máa ń wúwo lọ́wọ́. Afẹ́fẹ́ róbótó róbótó á há sínú dígí rẹ̀. Kókó dígí kan á wà ní ìdí rẹ̀, níbi tí ẹni tó fẹnu fẹ́ ẹ ti dí ihò rẹ̀ pa, iyanrìn àti omi á sì ti ha á lára. Ayédèrú ní tirẹ̀ máa ń dán yinrinyinrin, ó sì fúyẹ́ bí ìkarahun ẹyin.

Baba òyìnbó kan tó ń jẹ́ Albert ń ta ohun àtijọ́ ní Grapevine. Albert kì í ra bọ́ọ̀lù dígí kankan àfi tí Ọláolú bá ti fọwọ́ kàn án. Ọláolú á gbé e, á gbé e wò sí oòrùn, á wo ìdí rẹ̀, lẹ́yìn náà ni yóò wá wo àwọ̀n tí wọ́n hun sí i lára. Ibi àwọ̀n yẹn gan-an lọ̀gá wà. Á fi ojú tẹ̀lé okùn náà láti kókó dé kókó, á ní, “Ẹ̀rọ ló ta èyí. Ọwọ́ apẹja kọ́.” Ó parí nìyẹn. Albert á dá ọjà padà fún ọlọ́jà. Láti ọdún mọ́kànlá tí wọ́n ti mọra, Ọláolú kò tíì ṣì í rí, inú rẹ̀ sì máa ń dùn sí i débi pé bó bá ti Grapevine dé, Oyèrónkẹ́ á ní, “Ọ̀jọ̀gbọ́n kókó ti dé o!”

Ó tó ọgbọ̀n bọ́ọ̀lù tó wà lórí pẹpẹ ní pálọ̀ rẹ̀. Bí ẹ bá kó mọ́kàndínlọ́gbọ̀n lọ nínú wọn, yóò bínú, yóò sì gbàgbé. Ọ̀kan tó kù yẹn ni kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn. Baba rẹ̀ ló rí i ní etíkun lọ́dún tí wọ́n bí Ọláolú. Bọ́ọ̀lù aláwọ̀ ewé ni, ó tóbi tó orí ọmọ ọwọ́, lẹ́tà méjì wà ní ìdí rẹ̀, ìgbì ló sì gbé e wá láìní aṣọ lára. Baba jókòó, ó mú okùn, ó hun àwọ̀n sí i lára, ó so ó mọ́ àwọ̀n ìpẹja tirẹ̀, ó sì fi pẹja fún ọgbọ̀n ọdún. Ọjọ́ tí Ọláolú ń bọ̀ ní Amẹ́ríkà ló gbé e lé e lọ́wọ́. Baba ti kú báyìí. Òkun ti jẹ abúlé wọn wọlé. Ó gbé ilé lọ, ó gbé ilé ìdáná lọ, ó gbé ibi tí wọ́n sin baba náà sí lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ ọ dáadáa: kò sí fọ́tò, kò sí ibojì. Dígí yẹn, òyìnbó kan tí a ò mọ̀ ló fẹ́ ẹ. Àwọ̀n ara rẹ̀ ni ti baba. Nínú gbogbo ohun tí ọwọ́ baba Ọláolú ṣe láyé yìí, òun nìkan ló ṣẹ́kù.

Ó wá di pé ìjọ wọn ní Mesquite fẹ́ ṣe àjọ̀dún ọdún kẹẹ̀ẹ́dógún, wọ́n sì fi Sista Ìbùkún ṣe olórí àwọn tí yóò ṣe gbọ̀ngàn lọ́ṣọ̀ọ́. Ìbùkún kò tíì pé ọdún márùndínlógójì, iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló ń ṣe. Ara rẹ̀ yá, ẹnu rẹ̀ dùn, kò sì sí ohun tí ojú rẹ̀ lè bà lé tí ọwọ́ rẹ̀ kò ní fẹ́ tún ṣe. Wúrà àti funfun ni àwọ̀ ọjọ́ náà. Tábìlì méjìlá ni wọn yóò tẹ́, bọ́ọ̀lù wúrà àti òdòdó ló gbọ́dọ̀ wà láàárín ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ló bá pe Oyèrónkẹ́ lórí fóònù. “Mummy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yá wa ní àwọn glass balls Daddy.” Oyèrónkẹ́ ní kó wá kó èyí tó wà nínú páálí ní gáráàjì. Ayédèrú ni àwọn yẹn, Ọláolú kó wọn pamọ́ láti fi kọ́ àwọn èèyàn ni. Ìyẹn kò burú rárá. Ọláolú fúnra rẹ̀ ì bá bá a gbé páálí náà dé inú mọ́tò.

Ọ̀sán Wẹ́sìdé ni Ìbùkún wá. Tọkọtaya ti lọ síbi iṣẹ́, Jọlá ló ṣílẹ̀kùn fún un tó sì padà sókè sídìí ìwé rẹ̀. Ìbùkún ka bọ́ọ̀lù inú páálí, ó jẹ́ mọ́kànlá. Tábìlì méjìlá, bọ́ọ̀lù mọ́kànlá! Ẹ̀yin náà ẹ ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Ó gbójú sókè sí pẹpẹ ní pálọ̀, ó rí èyí tí títóbi rẹ̀ bá àwọn tọ̀hún dọ́gba, ó sì mú un, ó wá sún àwọn tó kù mọ́ra kí àyè rẹ̀ má baà ṣófo. Kò pe Oyèrónkẹ́ padà. Kò ké sí Jọlá lókè pé ṣé kí n mú èyí. Ṣé ilé Daddy kọ́ ni? Àbí kì í ṣe iṣẹ́ Olúwa ni? Àwa àti ìwà wa yìí! Ẹni tí kò bí wa, a ó sọ ọ́ di Daddy nínú ìjọ, kí a tó ṣẹ́jú pẹ́ẹ́, a ti ń pín ogún rẹ̀ lójú ayé rẹ̀.

Ọjọ́ Sọ́ńdè, Ọláolú wọ gbọ̀ngàn, ó rí bọ́ọ̀lù wúrà lórí àwọn tábìlì, ó sì rẹ́rìn-ín. Ó ti mọ̀ pé ayédèrú òun ni wọ́n fín ní ọ̀dà. Ó tiẹ̀ sọ fún Oyèrónkẹ́ pé wọ́n mà gbayì, pé wọ́n ti wúlò nígbẹ̀yìn. Wọ́n jókòó sí tábìlì keje. Bí wọ́n ṣe ń gbé ìrẹsì bọ̀, ó nawọ́ láti sún bọ́ọ̀lù tó wà níwájú rẹ̀ kí àwo lè ríbi gbé. Bọ́ọ̀lù náà wúwo.

Ọwọ́ rẹ̀ ti mọ̀ kí ọkàn rẹ̀ tó gbà. Ó yí i, ó fi àtàǹpàkò wá ìdí rẹ̀ lábẹ́ ọ̀dà, ó kan kókó dígí, ó kan lẹ́tà kìíní, ó kan èkejì. Ó fi èékánná ha ọ̀dà náà díẹ̀, àwọ̀ ewé yọjú. Háà! Ó ní kí wọ́n bá òun pe Ìbùkún kíákíá.

Ìbùkún sáré dé, ó fi orúnkún kanlẹ̀, ẹ̀rín kún ẹnu rẹ̀. “Ẹ káàsán, Daddy. Ṣé ẹ rí bó ṣe fine, sà?”

“Àwọ̀n rẹ̀ dà?”

“Àwọ̀n, sà?”

“Àwọ̀n tó wà lára èyí. Níbo lo kó o sí?”

“Áà, Daddy, ìyẹn! Ó ti gbó, sà. Ó ń já wúruwùru sínú mọ́tò mi. Mo fi àlùmọ́gàjí gé e kúrò, mo wá bá yín fi ọṣẹ fọ dígí yẹn dáadáa kí n tó fín in. Ẹ ò rí bó ṣe dọ̀tí tó!”

“Mo ní níbo lo kó àwọ̀n náà sí?”

“Trash, sà. Wọ́n ti wá kó o ní Fúráìdè.”

Ó sì dúró, ó ń wojú rẹ̀. Ẹ gbà mí o, ó ń retí kó dúpẹ́! Ọláolú kò pariwo. Ó gbá bọ́ọ̀lù náà mọ́ àyà, òdòdó já bọ́ sínú ìrẹsì ẹni tó jókòó tì í, ó bá ẹnu ọ̀nà jáde. Inú mọ́tò ni Oyèrónkẹ́ bá a, ọ̀dà wúrà ti kun iwájú ẹ̀wù funfun rẹ̀. Ó gbìyànjú láti sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un, ó bú sẹ́kún.

Láti ọjọ́ Mọ́ńdè ni fóònù ò ti sinmi. Èyí ń pè, tọ̀hún ń pè. Ìbùkún fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ pẹ̀lú àwòrán ọwọ́ méjì tó pàdé bí ẹni ń bẹ̀bẹ̀. Ẹnì kan ní tí ó bá jẹ́ ti ọ̀dà, òun mọ ohun tó lè mú un kúrò. Ọláolú ti fọ ọ̀dà yẹn dànù láti alẹ́ Sọ́ńdè, ta ló ń sọ ti ọ̀dà? Ó tún wá di Tọ́sìdé, páálí kékeré kan dé ẹnu ọ̀nà. Ìbùkún ló rà á lórí ẹ̀rọ ayélujára. Àwọ̀n tuntun ni, funfun báláú, wọ́n ká a sínú ọ̀rá. Ọláolú wò ó lẹ́ẹ̀kan. Kókó ẹ̀rọ. Ó jù ú sórí àga bí ẹni tí ejò bù ṣán.

“Bàbá Jọlá,” ni Oyèrónkẹ́ wí, “wọ́n ti bẹ̀ yín tó. Kí lẹ tún ń fẹ́?”

“Mo fẹ́ kí ẹnì kan bi mí léèrè!” Ó fọwọ́ lu àyà. “Ẹnì kan péré! Gbogbo wọn ń bẹ̀ mí, kò sẹ́ni tó bi mí pé kí ni mo sọnù. Ṣé wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń bẹ̀ mí lé lórí ni?”

Ó kúkú jàre. Ẹ wo ẹ̀bẹ̀ wa yìí náà! Ẹni tó ṣẹ̀ á kúnlẹ̀, àwọn èèyàn ńlá á tẹ̀lé e wá, wọ́n á ní ìbínú ò da nǹkan fúnni, sùúrù ni baba ìwà. Sùúrù ọ̀hún, ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ nìkan ni wọ́n máa ń rán létí rẹ̀. Bó bá la ẹnu pé ó dun òun, wọ́n á ní ó ti le jù. Kó tó tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá, òun ló di ẹlẹ́jọ́. Ẹni tó ṣu ti gbàgbé, ẹni tó ń kó o ni wọ́n wá ń bá wí pé kó má yínmú.

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ Sátidé ni wọ́n dé, Pásítọ̀ Adéfọlá pẹ̀lú Ìbùkún, wọ́n gbé apẹ̀rẹ̀ èso lọ́wọ́. Kí Ọláolú tó rí àyè jókòó, Ìbùkún ti wà lórí orúnkún méjèèjì lórí kápẹ́ẹ̀tì. Pásítọ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àdúrà gígùn. Ìyẹn náà ọgbọ́n ni, nítorí ta ni yóò ráyè bínú lẹ́yìn irú àmín bẹ́ẹ̀?

“Daddy Jọlá,” ni Pásítọ̀ wí, “ohun tí ọmọdé bá bà jẹ́, àgbà ní í tún un ṣe. Ẹ fọwọ́ wọ́nú. Ẹ ṣáà sọ pé ó ti tán, sà, kí ara gbogbo wa balẹ̀.”

“Kí ni ó ti tán?”

“Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù yìí, sà.”

Ọláolú dìde. Ó gbé bọ́ọ̀lù náà kúrò lórí pẹpẹ, ó gbé e sórí tábìlì níwájú wọn, ó wà níhòòhò. “Bọ́ọ̀lù rèé! Ṣé ó fọ́? Kò fọ́. Ọ̀dà ti kúrò lára rẹ̀. Bó bá jẹ́ bọ́ọ̀lù lẹ bá wá, Pásítọ̀, ẹ máa lọ sílé, a ò jà. Bàbá mi ló ta kókó àwọ̀n yẹn! Ọwọ́ rẹ̀ ni! Òkun ti wú ibojì rẹ̀, mi ò ní fọ́tò rẹ̀, àwọ̀n yẹn ni mo ń wò tí mo bá fẹ́ rí bàbá mi. Òun lo fi àlùmọ́gàjí gé, Ìbùkún! Òun lo kó dà sí trash, tí o tún ń sọ fún mi pé ó dọ̀tí!”

 Jọlá ti sọ̀ kalẹ̀ látòkè, ó dúró sí ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn. Ìbùkún wo bọ́ọ̀lù, ó wo Ọláolú, omijé bọ́ lójú rẹ̀, èyí kì í sì í ṣe ti ẹ̀bẹ̀.

“Mi ò mọ̀, sà. Mo fi Ọlọ́run búra, mi ò mọ̀.”

“O ò bèèrè!”

 Pásítọ̀ ń fọwọ́ pa orúnkún. Nígbà tó yá, ó rọra ní, “Daddy, kí lẹ wá fẹ́ kí a ṣe?”

“Ẹ bá mi ta kókó rẹ̀ padà,” ni Ọláolú wí tìbínú-tìbínú. “Àbí iṣẹ́ pọ̀ nínú rẹ̀ ni? Ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń gé e, kó mọ bí wọ́n ṣe ń ta á. Kó ta á gẹ́gẹ́ bí bàbá mi ṣe ta á!”

Ìbùkún fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. “Ẹ kọ́ mi, sà. Mi ò ní dìde níbí títí màá fi mọ̀ ọ́n. Ẹ ṣáà ta kókó kan kí n rí i, màá ta ìyókù, bó gbà mí lọ́dún kan.”

Ọ̀rọ̀ náà bá Ọláolú lójijì, ṣùgbọ́n ìbínú kò jẹ́ kó rò ó. Ó ní kí Jọlá bá òun mú okùn nínú dúrọ́ọ̀ ilé ìdáná. Ó jókòó, ó gbé bọ́ọ̀lù lé itan, ó ká okùn mọ́ ìka méjì, ó kì í bọ abẹ́, ó fà á. Ó tú. Ó tún ká a, ó gba òdìkejì wọlé, ó fà á. Ó tú. Ẹ̀ẹ̀kẹta, kókó náà dúró. Ó gbé e sún mọ́ ojú. Kókó okùn bàtà ni.

Òógùn bò ó lójú. Ó ń rí kókó baba rẹ̀ kedere nínú ọkàn, ibi tí okùn kan ti ré kọjá lórí èkejì, ibi tí ìrù rẹ̀ ti wọ abẹ́ lọ. Bí ẹ bá gbé ẹgbẹ̀rún wá síwájú rẹ̀, á yọ ọ́ jáde. Ojú rẹ̀ mọ̀ ọ́n. Àwọn ìka rẹ̀ kò mọ nǹkan kan. Ó tún gbìyànjú, ó tún gbìyànjú, Ìbùkún sì kúnlẹ̀ síbẹ̀, ó tẹjú mọ́ ọwọ́ rẹ̀ bí akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ gba ìwé ẹ̀rí.

“Daddy,” ni Jọlá rọra wí, “you don't know how?”

“Ó ti tó, sà,” ni Pásítọ̀ wí, “Ọlọ́run rí ọkàn yín.”

“Pásítọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákẹ́.” Okùn ti wé mọ́ ìka Ọláolú, kò rí i tú. Kò wo ẹnì kankan lójú. “Gbogbo ìrọ̀lẹ́ ni bàbá mi máa ń pè mí níwájú ilé. Á ní, Ọláolú, wá wo ọwọ́ mi. Màá ní, mò ń kàwé, bàbá. Á ní, kàwé rẹ, ọmọ mi. Inú rẹ̀ á tún dùn.” Ó fa okùn náà lẹ́ẹ̀kan sí i. “Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni àwọ̀n yẹn fi wà lọ́wọ́ mi. Mi ò tú kókó kan wò kí n kọ́ ọ.”

Ó sọ fún Ìbùkún pé kó dìde, kí orúnkún má baà máa dùn ún. Inú ṣì ń bí i, ó ń bí i ju ti ọjọ́ Sọ́ńdè lọ. Àmọ́ kò sí ẹnikẹ́ni nínú pálọ̀ náà mọ́ tó lè kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́ fún èyí.